Ọdún Mélòó Lẹ Máa Fi Ra Orúnkún?

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Ìdáhùn tí màmá eléèlùbọ́ fún mi nìyẹn, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n ka ìbéèrè náà tán. Orí bẹ́ǹṣì onígi la jókòó sí níwájú kílíníìkì àwọn eléegun ní ọsibítù kan n'Ìbàdàn, irú ibi tí èèyàn ti ń gba nọ́ńbà láago mẹ́fà ìdájí kó tó fojú kan dókítà láago kan ọ̀sán. Màmá ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Èlùbọ́ ló ń tà ní Bódìjà. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ti wú, bó bá sì fẹ́ dìde, gbogbo àwa tá a wà lórí bẹ́ǹṣì la ń gbọ́ bí eegun náà ṣe ń dún.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kàwé gboyè kejì ló bẹ̀ mí níṣẹ́. Ó ní kí n bá òun gbé àwọn ìbéèrè kan láti Gẹ̀ẹ́sì wá sí Yorùbá, kí n sì wá bá òun jókòó ti àwọn aláìsàn, ká jọ gbọ́ bó ṣe ń dún létí wọn kó tó di pé òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gangan. Ohun tó ń wá kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni aláìsàn kà sí pàtàkì nínú ìlera rẹ̀, báwo sì lèèyàn ṣe lè wọ̀n ọ́n kó di nọ́ńbà? Mo rò pé iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Mo kà á fún màmá bó ṣe wà nínú ìwé:

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi rò ó báyìí. Ká ní ọdún 10 ló kù fún yín láyé, kẹ́ ẹ sì lò ó pẹ̀lú orúnkún yìí bó ṣe wà lónìí. Tàbí kẹ́ ẹ lo ọdún 7 péré, kí gbogbo ara yín dá ṣáṣá, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ..."

Ibẹ̀ ló ti dá mi dúró. Ó fi ọwọ́ yí orí rẹ̀ po, ó ta ìka dànù. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló rán ọ sí mi láàárọ̀ yìí?" Ìyá tó jókòó tì í ti sún sẹ́yìn kí ọ̀rọ̀ náà má baà ta sí òun náà lára. Ọ̀rẹ́ mi ń wo ilẹ̀. Mo ní, "Àpẹẹrẹ lásán ni mà." Ó ní, "Wọ́n ń fi ikú ṣe àpẹẹrẹ?"

Nígbà tí mo délé ni mo tó lọ wádìí ibi tí ìbéèrè yìí ti ṣẹ̀ wá, torí mo fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ láyà láti bi èèyàn bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́. George Torrance àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì McMaster, nílùú Hamilton ní Kánádà, ló gbé e jáde lọ́dún 1972. Tèèyàn bá fara balẹ̀, á rí i pé kì í ṣe ìkà ló wà nídìí ẹ̀. Kò sí ìlú tí owó ìlera ti tó. Ẹni tó ń pín in gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá kóun fi ra ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀ ni o, tàbí orúnkún tuntun fún ẹni bíi màmá, tàbí awò ojú fún ọmọ iléèwé. Báwo lèèyàn ṣe ń fi orúnkún wé ojú? Ó ní láti wá òṣùwọ̀n kan ṣoṣo, bí kóńgò tí wọ́n fi ń wọn gàrí, tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀wà, tí màmá fúnra rẹ̀ fi ń wọn èlùbọ́.

Kóńgò tí wọ́n rí ni ọdún. Bí màmá bá gbà pé ọdún 7 tí ara dá ṣáṣá kò yàtọ̀ lójú òun sí ọdún 10 pẹ̀lú orúnkún, a jẹ́ pé ọdún kan pẹ̀lú orúnkún yẹn kò ju 0.7 lọ. Orúnkún náà ń jẹ oṣù mẹ́ta àtààbọ̀ àti díẹ̀ nínú ọdún kọ̀ọ̀kan tó ń lò láyé. Kóńgò tó kún dẹ́nu, ìyẹn ọdún kan nínú ìlera pípé, ni wọ́n ń pè ní QALY. Àwọn ẹbí wa tó wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ń gbé lábẹ́ kóńgò yìí, bóyá wọ́n mọ̀ tàbí wọn ò mọ̀. Ilé iṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1999 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales láti máa yẹ oògùn tuntun wò, èyí tí wọ́n ń pè ní NICE, fi ọ̀pọ̀ ọdún lo 20,000 sí 30,000 pọ́n-ùn lórí QALY kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ààlà. Bí oògùn kan bá ń gba owó tó ju bẹ́ẹ̀ lọ kó tó fún aláìsàn ní kóńgò kan, ojú ọ̀nà rẹ̀ ti há.

Àmọ́ kò ṣeé ṣe kí wọ́n máa bi olúkúlùkù aláìsàn ní ìbéèrè ikú níwájú kílíníìkì. Àwọn olùwádìí kan láti Yúróòpù kóra jọ lọ́dún 1987, wọ́n pe ara wọn ní EuroQol, wọ́n sì dín ìlera èèyàn kù sí nǹkan márùn-ún: rírìn, ìtọ́jú ara ẹni, iṣẹ́ òòjọ́, ìrora, àti àníyàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdáhùn mẹ́ta ló wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: kò sí wàhálà, wàhálà díẹ̀ wà, wàhálà pọ̀. Tí o bá ṣírò rẹ̀, irú ipò 243 ni ara èèyàn lè wà. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n sọ ìdáhùn náà di márùn-ún, tí ipò ara wá di 3,125.

Lọ́dún 1993, àwọn ará Yunifásítì York wá lọ bá nǹkan bí 3,000 èèyàn káàkiri Bìrìtéènì nínú ilé wọn, wọ́n bi wọ́n ní irú ìbéèrè tí mo bi màmá, wọ́n sì fún ipò kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Ìlera pípé jẹ́ 1. Ikú jẹ́ 0. Ẹni tó bá wà nínú wàhálà tó pọ̀ jù lórí gbogbo nǹkan márààrún, iye tí wọ́n fún un ni -0.594. Ó ti wọ gbèsè. Lójú àwọn ará Bìrìtéènì wọ̀nyẹn, ó sàn kó kú.

Nígbà tí mo ka ibẹ̀, ẹ̀rín pa mí. Bàbá mi kò dé York rí, àmọ́ ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé ikú yá ju ẹ̀sín. A ti mọ̀ tipẹ́ nílẹ̀ yìí pé nǹkan wà nísàlẹ̀ òdo. Ibi tí ọ̀nà wa ti pínyà ni pé ìwé wọn ń wá a nínú ìrora àti ẹsẹ̀ tí kò gbéra, tiwa sì wà nínú ẹ̀sín. Ìrora nìkan kì í jẹ́ kí Yorùbá sọ pé ikú yá.

Kí wá ni màmá kọ̀ sí, nígbà tó jẹ́ pé èdè tó ń sọ ti fi ikú wé nǹkan míì láti ọjọ́ aláyé ti dáyé? Mo rò pé lójú rẹ̀, ọjọ́ orí kì í ṣe ọjà tó wà lórí àtẹ òun. Àwọn baba wa ní àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá. Màmá tó jẹ́ Mùsùlùmí á ní Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí. Ọ̀nà méjèèjì, ibì kan náà ni wọ́n já sí: ta ni èmi tí màá gé ọdún mẹ́ta kúrò nínú nǹkan tí kì í ṣe tèmi, kí n fi san owó orúnkún? Òwe ń sọ ohun tó yá ju nǹkan lọ ni, kò ní kí ẹnikẹ́ni mú owó jáde.

Kì í ṣe màmá nìkan. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń bá irú wọn pàdé ní ibi gbogbo, àwọn tí kò ní fi ọjọ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ bó ti wù kí ara máa ro wọ́n tó. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni ohun tí ìṣirò ń fi irú wọn ṣe. Ẹni tó bá ní òun kò fi ọjọ́ kankan sílẹ̀, ọdún 10 rẹ̀ dúró ní ọdún 10, iye tó kàn tí wọ́n máa kọ ni 1. Ìyẹn ni pé orúnkún tó wú, tó ń dún, tó gba màmá ní wákàtí méje lórí bẹ́ǹṣì, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ara rẹ̀ pé pérépéré. Àwọn ọ̀mọ̀wé mọ̀ pé àlébù ni, wọ́n sì ti ń jiyàn lé e lórí tipẹ́. Ṣùgbọ́n mo ṣáà ń rò ó pé obìnrin kan bẹ̀rù Ọlọ́run, fọ́ọ̀mù kà á sí pé ara rẹ̀ le.

Ọ̀rẹ́ mi ní ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ká lo ìwé ìbéèrè EuroQol, ká fi apá kejì rẹ̀, tó rọrùn, bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ya ọ̀pá kan tó dà bí èyí tí wọ́n fi ń wo ara gbígbóná, 0 nísàlẹ̀, 100 lókè, wọ́n ní kí èèyàn fi ìka sí ibi tí ìlera rẹ̀ wà lónìí. Ta ni kò lè ṣe ìyẹn? Màmá fi ìka sí ọgọ́rùn-ún. Mo ní, "Mà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́dọ̀ dókítà?" Ó ní, "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé è jẹ."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà. Ẹni tó ń rọ́jú rìn lọ sí ilé oògùn, bí o bá bi í pé ara ńkọ́, á ní a dúpẹ́. Bí ẹni tó ń ṣàìsàn bá tiẹ̀ fẹ́ sọ ọ́, "ara ò fi bẹ́ẹ̀ yá" ló máa sọ, ọ̀rọ̀ tó lè jẹ́ ibà, tó sì lè jẹ́ ohun tí wọ́n ní kó wá gba èsì rẹ̀ lọ́la. Èmi tí mo gbọ́ èdè náà mọ̀ pé "a dúpẹ́" tó fa gùn díẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó já kánmọ́. Ọ̀pá tí wọ́n yà kò létí tó fi lè gbọ́ ìyẹn.

Ìtumọ̀ fúnra rẹ̀ tún jẹ́ ẹjọ́ ọ̀tọ̀. Ìwé ìbéèrè míì wà tó gbajúmọ̀ káyé, SF-36, tó ti Amẹ́ríkà wá. Láti mọ̀ bóyá èèyàn lè ṣe iṣẹ́ tí kò le jù, ó mú àpẹẹrẹ wá: kí o sún tábìlì, kí o ti ẹ̀rọ ìgbálẹ̀, kí o gbá gọ́ọ̀fù. Gọ́ọ̀fù! Bí mo bá bi màmá pé ṣé ó lè gbá gọ́ọ̀fù, á ní rárá, òótọ́ ló sì máa sọ. Kí orúnkún tó dùn ún kò gbá a rí. Ìwé náà tún ń béèrè bóyá ọkàn èèyàn ti di àwọ̀ aró, torí bẹ́ẹ̀ làwọn òyìnbó ṣe ń sọ ìbànújẹ́. Àwọn olùwádìí kan ní Ilé-Ifẹ̀ gbé ẹ̀dà Yorùbá SF-36 jáde, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ náà lọ́dún 2015. Mo ti ń fojú fo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ ìwé atúmọ̀ èdè ni. Lẹ́yìn ọ̀sán tí mo lò lórí ọ̀rọ̀ méjì, "iṣẹ́ òòjọ́", mo ṣíjú sí wọn.

Torí ibi tí màmá ti já mi nìyẹn. Mo bi í pé, "Ǹjẹ́ orúnkún yìí ń dí yín lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ òòjọ́ yín?" Ó ní rárá, ìjókòó ni òun ń jókòó nínú ìsọ̀, ọmọ ló ń bá òun gbé ọ̀rá èlùbọ́. Ìtọ́jú ara ńkọ́? Òun ń wẹ̀, òun ń wọṣọ. Rírìn? Díẹ̀díẹ̀. Ọkàn ńkọ́? Alháńdùlílàhì. Lórí ìwé, aláìsàn tí kò fi bẹ́ẹ̀ níṣòro ni mo kọ sílẹ̀. Mo ti pa bírò dé, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá ní, bí ẹni tí kò bá mi sọ̀rọ̀:

"Mi ò kàn lè kúnlẹ̀ mọ́ ni."

Ohun tó ń dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ó sì pọ̀ lọ́rọ̀ màmá lọ́jọ́ náà. Ó ní orí àga lòun ti ń kírun láti ọdún tó kọjá. Ó ní ìyẹn ṣì dára, Ọlọ́run mọ̀ pé ara ò gbà. Èèyàn ni kò mọ̀. Ìnáwó kan ṣẹlẹ̀ ní agbo ilé ọkọ rẹ̀, wọ́n ń sin bàbá kan, òun gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé sì gbọ́dọ̀ kí àwọn ọmọ ọkọ tó dé láti Èkó, àní àwọn tí òun dàgbà ju ìyá wọn lọ. Ó tẹ̀ ba díẹ̀, ó di ògiri mú. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyàwó wa ti di olówó, kò kúnlẹ̀ kí wa mọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Eré ni wọ́n ń ṣe. Ó ní láti ọjọ́ náà, bí òun bá gbọ́ pé ìnáwó wà ní ilé ọkọ, òun á rán owó, òun ò ní lọ.

Mo tún ìwé náà yẹ̀ wò. Nínú ipò ara 243, nínú 3,125, kò sí èyí tí a ti ń kúnlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ míì tó máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe ìwọ̀n yìí ni ẹni tó yẹ kí wọ́n bi. Ní Bìrìtéènì, gbogbo ará ìlú ni iye tó wà nínú ìwé ti wá, kì í ṣe ẹni tí àìsàn náà ń ṣe. Àlàyé wọn ni pé owó ìlú ni wọ́n ń ná, ẹni tó ń san owó orí ló sì yẹ kó sọ̀rọ̀. Ó tún ní àlàyé kejì tí mo kà sí ọgbọ́n díẹ̀: ẹni tí àìsàn bá ti ń ṣe fún ìgbà pípẹ́ á ti bá a mọ́lé, á ní kò burú, iye tí ìtọ́jú lè fi kún ìlera rẹ̀ á wá kéré jù, owó tí wọ́n máa ná lé e lórí á sì kéré pẹ̀lú. Ṣé kí wọ́n wá fìyà jẹ ẹ́ torí pé ó ní ìfaradà? Àmọ́ yí i padà kí o wò ó. Ẹni tó ríran, tí wọ́n ní kó ṣírò ayé afọ́jú, òkùnkùn nìkan ló máa rò. Kò ní rántí pé afọ́jú náà ní aya, ó ní ọmọ, ó ń ṣe ẹgbẹ́, ó sì ń jẹ iyán.

Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà ti fi ojú rí èyí, ìtàn wọn sì ni mo máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ká ṣáà bi àwọn èèyàn, gbogbo ẹ̀ á yanjú. Lọ́dún 1987, àwọn aṣòfin ibẹ̀ dá owó pípààrọ̀ ẹ̀yà ara dúró fún àwọn tálákà tí ìjọba ń tọ́jú, kí owó náà lè kárí àwọn míì. Ọmọkùnrin ọlọ́dún 7 kan tó nílò ìtọ́jú náà kú lọ́dún yẹn, àwòrán rẹ̀ sì wọ gbogbo ilé. John Kitzhaber, dókítà tó ń tọ́jú pàjáwìrì tó tún jẹ́ olórí ilé aṣòfin àgbà níbẹ̀, ní ká má fi ìbòjú pín owó mọ́, ká to gbogbo ìtọ́jú lẹ́sẹẹsẹ níta gbangba, ká sì san owó èyí tí agbára wa bá ká. Wọ́n ṣòfin rẹ̀ lọ́dún 1989. Wọ́n ṣe ìpàdé ìlú 47. Wọ́n fi fóònù bi èèyàn 1,001 pé báwo ni ipò ara báyìí báyìí ṣe burú tó lójú wọn. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n fi owó pín in.

Lọ́dún 1990 tí ìwé náà jáde, fífi adé bo eyín wà lókè iṣẹ́ abẹ apẹ́ńdísì.

Kọ̀ǹpútà kò ṣìṣe o. Adé eyín kò wọ́n, ó ń pẹ́, ó ń fúnni ní ìtura díẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Apẹ́ńdísì wọ́n. Pín in, o máa rí i. Àmọ́ kò sí ọmọ èèyàn kan tó máa dúró lójúde kó máa wo ẹni tí ikùn ń pa kú lọ, kó ní kí wọ́n kọ́kọ́ bá aládùúgbò tún eyín ṣe. Wọ́n kó ìwé náà dànù, wọ́n fi ọwọ́ tún un tò. Èyí tí wọ́n tún tò náà dé Washington lọ́dún 1992, Louis Sullivan tó ń mójú tó ètò ìlera fún ìjọba àpapọ̀ sì dá a padà: ó ní ohun tí wọ́n bi àwọn èèyàn lórí fóònù ti fi ojú tín-ín-rín wo ẹ̀mí àwọn aláàbọ̀ ara, ó sì lòdì sí òfin tó ń dáàbò bò wọ́n. Ọdún 1994 ni ètò náà tó bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n tó wà nínú rẹ̀ sì ti yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn síbẹ̀. Wọ́n jókòó níta gbangba, wọ́n ṣàṣìṣe níta gbangba. Tiwa ńkọ́? Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń pín owó ìlera tiwa?

Nípa tiwa, àjọ ìlera àgbáyé WHO ti fún wa ní ipò rí, lọ́dún 2000, nígbà tí wọ́n to orílẹ̀-èdè 191 lẹ́sẹẹsẹ. Faransé gba ipò kìíní. Nàìjíríà ṣe ipò 187. Mo rántí bí àwọn èèyàn ṣe ń fi nọ́ńbà yẹn bú ìjọba nínú rédíò. Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún wa nígbà náà ni pé apá kan nínú máàkì yẹn wá láti inú bí ilé ìwòsàn ṣe ń bọ̀wọ̀ fún èèyàn: iyì, àṣírí, ká má jẹ́ kó pẹ́, ibi tó mọ́, ẹbí tó lè wá bẹ aláìsàn wò, kí èèyàn lè yan ẹni tó máa tọ́jú òun. Ó dùn mọ́ mi pé wọ́n kà á kún. Wọ́n tún ní láti mọ iye tí iyì máa gbà nínú máàkì lápapọ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe bi èèyàn 1,006 láti orílẹ̀-èdè 125 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdajì nínú àwọn tí wọ́n bi ló jẹ́ òṣìṣẹ́ WHO fúnra wọn. Kò jọ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn jókòó lórí bẹ́ǹṣì rí láti aago mẹ́fà.

Iyì yìí ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí àkọ́bí rẹ̀ ní ọsibítù ìjọba kan tí mi ò ní dárúkọ. Nígbà tó ń rọbí, tó ń pariwo, nọ́ọ̀sì ní, "Nígbà tó ò ń ṣe é, ṣé o pe àwa?" Ó gbá a ní itan. Ọmọ dé láyọ̀, ìyá wà láyọ̀. Bí wọ́n bá fi QALY wọ̀n ọ́n, kóńgò kún àkúnwọ́sílẹ̀, ìyá kan àti ọmọ kan pẹ̀lú gbogbo ọdún tó kù fún wọn. Nígbà tí oyún kejì dé, ó gba ilé ìgbẹ̀bí ìjọ kan lọ, níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà lé e lórí, tí ìyá kan ń fi omi gbígbóná jó ẹ̀yìn rẹ̀, tó ń pè é ní ààyò ọkọ rẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, kò sí dókítà, kò sí ọkọ̀ tó lè gbé e bí nǹkan bá yíwọ́. Mo bá a jà. Ó ní, "Àbúrò mi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe mí bí èèyàn."

Kì í ṣe òun nìkan. Nínú ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet lọ́dún 2019, wọ́n dúró wo obìnrin 2,016 bí wọ́n ṣe ń rọbí ní Gánà, Gínì, Myanmar àti Nàìjíríà. Àwọn 838 nínú wọn, ju mẹ́rin lọ nínú mẹ́wàá, ni wọ́n nà, tàbí tí wọ́n bú, tàbí tí wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà. Láti ìdajì wákàtí kí ọmọ tó jáde sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n mi kò kọ fọ́ọ̀mù kankan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi dáhùn.

Padà sórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀rẹ́ mi ní ọ̀nà míì nínú àpò rẹ̀, èyí tí Mandy Ryan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aberdeen, ní Scotland, ti lò gan-an fún ọ̀rọ̀ ìlera. Wọn kì í mẹ́nu kan ikú níbẹ̀. Wọ́n á kó ilé ìwòsàn méjì síwájú èèyàn bí ìgbá ata méjì: eléyìí, wákàtí márùn-ún lo máa dúró, nọ́ọ̀sì á fara balẹ̀ gbọ́ ẹ, èyíinì, wákàtí kan péré, wọ́n á jágbe mọ́ ẹ. Èwo lo máa mú? Wọ́n á tún un pààrọ̀, wọ́n á tún bi ẹ́, títí wọ́n á fi mọ iye wákàtí tí ọ̀rọ̀ tútù kan ń rà.

Ojú màmá là. Ọjà rèé! Ìyá tó ti sún sẹ́yìn sún padà. Èèyàn mẹ́ta míì dá sí i. Ẹnì kan ní òun mú ti oníwákàtí márùn-ún bí àga bá wà níbẹ̀. Ẹlòmíì ní nọ́ọ̀sì tó ń jágbe ló mọ iṣẹ́ jù, gbogbo wa fi ariwo lé e. Màmá gbé ọwọ́ sókè, ó bi wá ní ìbéèrè tí ọ̀rẹ́ mi gbàgbé láti fi sínú ìwé: "Èló ni èyí, èló ni tọ̀hún?" A wo ara wa. Nínú gbogbo owó tó ń wọ ìlera ní Nàìjíríà, nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ló ń ti àpò aláìsàn jáde lójú ẹsẹ̀, àwa sì ń ta ọjà láìdá iye lé e.

Aago kan kọjá díẹ̀ ni wọ́n pe nọ́ńbà rẹ̀. Mo nawọ́ sí i, ó fi èjìká mi tì dìde, eegun náà dún. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kó tó jáde. Ó ní dókítà náà ṣèèyàn, ó ní wọ́n lè pààrọ̀ orúnkún náà bí owó bá wà, ìrora á lọ, òun á rìn dé Mọ́kọ́lá bí òun bá fẹ́.

"Mo bi í pé ṣé màá lè kúnlẹ̀. Ó ní irú orúnkún bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ kì í lè fi kúnlẹ̀ dáadáa, kí n má fọkàn sí ìyẹn."

Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi.

"Nínú èyí tó ò ń kọ yìí, ibo ni ti kíkúnlẹ̀ wà?"

Mo ṣí ojú ewé kejì. Mo tún ṣí ti àkọ́kọ́. Ọ̀rẹ́ mi na bírò rẹ̀ sí mi, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé níbi tí àyè wà, lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ "fún ìlò ọ́fíìsì nìkan".